"Go, Went, Gone": Ìtàn Bí Ilé-Ìwé Ṣe Fi Ọ̀rọ̀-Ìṣe Àná Kọ́ Ọmọ Yorùbá ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Lára àwọn ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé gbé wọ ilẹ̀ Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, bóyá ni a fi rí èyí tí ó gba àkókò tíṣà tó, tí ó sì jẹ ọmọ níyà tó, bí ẹ̀kọ́ nípa ìyípadà tó ń dé bá ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ohun tí à ń sọ bá ti kọjá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀, bí i "lọ", "jẹ" àti "rà". Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró sí ojú kan, nítorí pé "go" ti òní ni yóò di "went" bí ọ̀rọ̀ bá di ti àná, "buy" yóò di "bought", "play" yóò sì gba "-ed" sí ìparí. Ọmọ Yorùbá kì í bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé nílé, nítorí pé "lọ" ni "lọ" ń jẹ́ lánàá, lónìí àti lọ́la. Ohun tí ìtàn ẹ̀kọ́ yìí fi hàn ni pé, fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé-ìwé kọ́ ọmọ náà bí ẹni pé kò ní ọ̀nà kankan tí ó fi ń sọ̀rọ̀ àná kí ó tó dé iwájú tíṣà, àti pé òfin ìjọba, ìwé gírámà àti ìdánwò ló fa èyí, kì í ṣe pé orí ọmọ kò pé.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ náà ń mú bọ̀ láti ilé. Nínú èdè Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìṣe kan kò bá ní wúnrẹ̀n, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré atọ́nà, níwájú rẹ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni olùgbọ́ máa ń gbà á sí: ẹni tó bá ní "Mo ra iṣu" ti rà á ná. Bí ó bá fi "ń" síwájú rẹ̀, ìṣe náà ń lọ lọ́wọ́ tàbí kí ó jẹ́ ohun tó máa ń ṣe. Bí ó bá fi "ti" sí i, ìṣe náà ti parí. Bí ó bá fi "yóò" tàbí "máa" sí i, ọjọ́ iwájú ni à ń retí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ ipò tí nǹkan wà, bí i "mọ̀", "fẹ́ràn" tàbí "ga", kò tẹ̀ lé ìlànà yìí, nítorí pé "Mo mọ Adé" ń sọ nípa òní bí kò tilẹ̀ sí wúnrẹ̀n kankan níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá ń pe ipò tí kò gba wúnrẹ̀n yìí ní àsìkò afànámónìí, èyí tí ó pa àná àti òní pọ̀ sójú kan, tí ó sì yàtọ̀ sí àsìkò ọjọ́ iwájú. Wọ́n sì ń pe ohun tí "ń" àti "ti" ń tọ́ka sí ní ibá ìṣẹ̀lẹ̀, ìyẹn ni bí ìṣe náà ṣe rí lójú ẹni tó ń sọ ọ́, bóyá ó ṣì ń lọ, bóyá ó ti parí, bóyá ó ti di bárakú. Nítorí náà ni "Mo ń ra iṣu" fi lè jẹ́ ọ̀rọ̀ òní, tí ó sì tún lè jẹ́ ti àná nínú "Mo ń ra iṣu nígbà tí o dé", láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára "rà". Ọmọ tí ó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá dáadáa ti mọ bí a ṣe ń to ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ tẹ̀ lé ara wọn, tí olùgbọ́ kò sì ní ṣì í gbọ́.

Ìmọ̀ yìí kò ṣókùnkùn sí àwọn tó dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde pẹ̀lú àlàyé gírámà níwájú rẹ̀, ó sì tẹ ìwé gírámà mìíràn ní ọdún 1852. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gbé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tirẹ̀ jáde láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington. A lè sọ pé ìwé tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá ti wà ní títẹ̀ kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Yorùbá tó ní òrùlé. Àmọ́ míṣọ́nnárì tó ń kọ́ èdè kí ó lè wàásù ni a kọ àwọn ìwé wọ̀nyí fún, kò sì sí ẹni tó rò ó pé ó yẹ kí wọ́n dé ọwọ́ tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Àgbádárìgì ni ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n wá láti etí òkun Gold Coast, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ ní ìwé ní ọdún 1843. Ìjọ CMS (Church Missionary Society ti Áńgílíkà) náà dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú yìí kan náà ní 1845, lábẹ́ C. A. Gollmer, kí wọ́n tó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta. Nínú àwọn tíṣà àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni àwọn Sàró pọ̀ sí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Sierra Leone, tí wọ́n kàwé níbẹ̀, tí wọ́n sì padà sílé. Ohun kan wà nípa wọn tí àwọn òpìtàn ẹ̀kọ́ kì í sábà dúró lé lórí. Èdè Kríò tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ láàárín ara wọn ń fi "bin" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi hàn pé nǹkan ti kọjá, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ kì í sì í yí padà: "a bin go" ni wọ́n ń wí. Nítorí náà, tíṣà Sàró tó dúró níwájú ọmọ Yorùbá láti kọ́ ọ ní "went" jẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé láàárín èdè méjì, Yorùbá àti Kríò, tí ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ti í yíra padà nínú èyíkéyìí nínú wọn. Inú ìwé ni ó ti kọ́ "went", bí ìwé sì ṣe kọ́ ọ ni ó ṣe fi kọ́ni.

Ìwé náà ní ìtàn tirẹ̀. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé England nígbà náà jẹ́ ọmọ gírámà Látìn. Bíṣọ́ọ̀bù Robert Lowth ti kọ ọ̀kan tó lókìkí ní ọdún 1762, Lindley Murray, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ìlú York ṣe ibùgbé, sì kọ tirẹ̀ ní 1795, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní àtúntẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ọ̀nà tí àwọn ìwé wọ̀nyí gbà ń kọ́ni ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ há àpèjúwe àti àtẹ ọ̀rọ̀ sórí, kí ó sì tú gbólóhùn palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, iṣẹ́ tí àwọn tíṣà ń pè ní pásìn. Ọmọ England tí ó ń ṣe pásìn ti mọ "went" láti ẹnu ìyá rẹ̀; orúkọ ohun tó ti mọ̀ ni ìwé ń kọ́ ọ. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Èkó ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1859 pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, ìlànà yìí náà ni ó gbé wọlé, pẹ̀lú Látìn àti Gíríìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ìdí láti bá Macaulay wí, nítorí pé ohun tí àwọn òbí ní Èkó ń fẹ́ gan-an nìyẹn, ilé-ìwé náà sì mú àwọn akọ̀wé àti àlùfáà jáde tí orúkọ wọn kò parẹ́ nínú ìtàn Èkó. Ṣùgbọ́n ìlànà tí a ṣe fún ọmọ tó ti gbọ́ èdè ni wọ́n fi kọ́ ọmọ tí kò tí ì gbọ́ ọ.

Òfin ìjọba ló wá sọ ìlànà náà di dandan. Títí di ọdún 1882, ìjọ nìkan ló ń bójú tó ilé-ìwé. Ní ọdún yẹn ni òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jáde fún Gold Coast àti Èkó, tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ ìjọba kan náà, nígbà tí Èkó sì dá dúró, wọ́n ṣe òfin tirẹ̀ ní 1887. Lábẹ́ àwọn òfin wọ̀nyí, ìjọba ń fún ilé-ìwé ní owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n iye owó náà rọ̀ mọ́ iye ọmọ tó bá yege nígbà tí alábẹ̀wò bá dé, ìlànà tí wọ́n mú wá láti ilé-ìwé àwọn tálákà ní England. Kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń mú owó wá, Yorùbá kò mú kọ́bọ̀ wá. Ipa tí èyí ní lórí ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kò ṣòroó rí. Alábẹ̀wò tó ní ilé-ìwé púpọ̀ láti bẹ̀ wò kò lè jókòó ti ọmọ kan kí ó gbọ́ ọ bí ó ṣe ń sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó pe "write", kí ọmọ dáhùn "wrote, written", kí ó fi ìlà sí ìwé rẹ̀, kí ó sì kọjá sí ẹlòmíràn. Ẹyọ ọ̀rọ̀ ṣeé kà, ìlò rẹ̀ kò ṣeé kà, owó oṣù tíṣà sì wà nínú ohun tó ṣeé kà. Nígbà tí ìjọba Lugard, gómìnà-àgbà Nàìjíríà, yí òfin náà padà ní 1916, tí wọ́n ní kí ìbáwí, ètò àti ìwà ilé-ìwé gba ìdá 30 nínú 100 nínú ìṣirò owó ìrànwọ́, kí ìdánwò àti ìtẹ̀síwájú ọmọ sì gba ìdá 40, ara tíṣà ti mọ́ ọ̀nà àtijọ́, kò sì fi í sílẹ̀.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó kàwé ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì ogún máa ń dárúkọ ni ti Nesfield. J. C. Nesfield jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, àwọn ọmọ Íńdíà ni ó sì ní lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ àwọn ìwé gírámà rẹ̀ ní àwọn ọdún 1890, kí ilé-iṣẹ́ Macmillan tó tà wọ́n ká gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ó pín ọ̀rọ̀-ìṣe sí alágbára àti aláìlágbára: alágbára ni àwọn tó ń yí fáwẹ̀lì inú wọn padà, bí i "sing" tó ń di "sang", aláìlágbára sì ni àwọn tó ń gba "-ed" tàbí "-t". Àtẹ àwọn alágbára ni tíṣà máa ń kọ sí pátákó ní ìlà mẹ́ta, òní, àná àti èyí tó ń tẹ̀ lé "have", tí gbogbo kíláàsì yóò sì máa ké e ní ohùn kan náà, "go, went, gone, see, saw, seen, do, did, done", ní ìlù orin tí wọ́n fi ń ké àtẹ ìsọdipúpọ̀, tí pàṣán yóò sì wà lórí tábìlì fún ẹni tí ohùn rẹ̀ bá yà.

Kí á má ṣe fi ọwọ́ rọ́ orin yìí sẹ́yìn bí ohun asán. Kò sí òfin kankan tí ọmọ lè fi mọ̀ pé "think" yóò di "thought" tí "drink" yóò sì di "drank". Àfi kí ó há a sórí, orin sì ni ọ̀nà tí àwọn Yorùbá fi ń há nǹkan sórí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí i ti ẹsẹ Ifá àti oríkì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti pé ọgọ́rin ọdún ṣì lè ké àtẹ náà láìdúró. Ibi tí orin náà ti já ni kulẹ̀ ni ibi tí kíláàsì kì í dé, ìyẹn ìbéèrè àti àyísódì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń yọ àmì àná kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ń béèrè tàbí tí ó bá ń sẹ́, á sì gbé e lé "do" lórí: "He went" yóò di "Did he go?" àti "He did not go". Ọmọ tí wọ́n ti nà títí tí ó fi gbà pé "went" ni àná "go" ni wọ́n tún wá ń nà nítorí pé ó kọ "Did he went?", bẹ́ẹ̀ ó ń lo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni. Ní ilé, "Ó lọ", "Ṣé ó lọ?" àti "Kò lọ" ni, "lọ" kò sì kúrò lójú kan. Ẹni tí a kò ṣàlàyé fún pé àmì àná kì í wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi orin mọ̀ ọ́n.

Ọ̀ràn "-ed" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ìwé ń pè ní èyí tó rọrùn. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà pè é: bí "t" ni ó ń dún nínú "looked", bí "d" nínú "played", ó sì ń di sílébù kan gedegbe nínú "wanted". Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì í dìpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá fi di búrẹ́dì àti tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, nígbà tí tíṣà bá pe "looked" bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, etí ọmọ kì í gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn "k", ohun tí kò sì gbọ́ kò ní kọ. Nígbà tí tíṣà bá sì pè é ní "lúkẹ́ẹ̀dì" kí ọmọ lè gbọ́, ọmọ yóò kọ ọ́ dáadáa ṣùgbọ́n yóò máa pè é bẹ́ẹ̀ títí láé. Ìwé Nesfield kò sọ nǹkan kan lórí èyí tó lè ran tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Àmì pupa tí wọ́n ń fi sí abẹ́ "Yesterday I look at the book" fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n kà sí ti àìfetísílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ etí ni ní tòótọ́. Ó sì yẹ kí ẹnì kan ti ṣàkíyèsí pé ọmọ tó kọ gbólóhùn náà ti kọ "yesterday" síbẹ̀: ó sọ ọ̀rọ̀ àná lẹ́ẹ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní dandan kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí tí gbogbo èyí fi ṣe pàtàkì lójú àwọn òbí ni iṣẹ́ ìjọba. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè, ilé-ẹjọ́, ọlọ́pàá àti àwọn ilé-iṣẹ́ òwò ńláńlá ń wá akọ̀wé tó lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ìwé-ẹ̀rí Standard Six, ti ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sì ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé. Nínú ìdánwò tó ń ṣí ilẹ̀kùn yìí ni iṣẹ́ kan wà tí ó ń dẹ́rù bani, ìyẹn ọ̀rọ̀ àgbàsọ. Wọ́n á fún ọmọ ní "Olú said, 'I am coming today'", wọ́n á ní kí ó sọ ọ́ di àgbàsọ, ohun tó sì gbọ́dọ̀ kọ ni "Olú said that he was coming that day". Nǹkan mẹ́ta ló yí padà: ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe, àti ọjọ́. Yorùbá ní "Olú ní òun ń bọ̀ lónìí", "òun" nìkan sì ni ó yí padà, tí ó sì tún ń ṣe ohun tí "he" Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe, nítorí pé ó jẹ́ kó dájú pé Olú fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ibì kan nìyí tí tíṣà ì bá ti fi èdè ilé hàn bí ohun tó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ń san owó ìtanràn tàbí kí ó gbé pátákó kọ́ ọrùn.

Ìròyìn ọdún 1922 ti ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà, tó ṣe ìwádìí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà, àti ìwé ìlànà tí ìjọba London gbé jáde ní 1925 dábàá pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ìgbà tó sì yá, ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ di ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìlànà náà dúró sí kíláàsì kéékèèké. Lẹ́yìn rẹ̀, Yorùbá jáde, Gẹ̀ẹ́sì wọlé, méjèèjì kò sì pàdé.

Ọdún 1955 ni ọ̀ràn náà di ti gbogbo ayé. Lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú S. O. Awókọ̀yà gẹ́gẹ́ bí mínísítà ẹ̀kọ́, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìn-ín-ní, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé sì fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí nǹkan bí 811,000. Nítorí pé ilé-ìwé gírámà kéré, tí owó wọn sì wọ́n, ìjọba dá ilé-ìwé mìíràn sílẹ̀ fún àwọn tó bá parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Mọ́dà: ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀, láti bí ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá sókè. Nínú kíláàsì Mọ́dà yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe àná ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò, kì í ṣe fún ọmọ àlùfáà àti akọ̀wé nìkan mọ́.

Iṣẹ́ àròkọ tí wọ́n máa ń fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ padà wọlé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó gba ibẹ̀ kọjá: "How I Spent My Last Holidays". Àkọlé náà dà bí eré, ṣùgbọ́n ìdánwò ọ̀rọ̀-ìṣe àná ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé kò sí gbólóhùn tí ọmọ lè kọ níbẹ̀ tí kò ní bèèrè fún un. Ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú "I went to my grandmother", ìtàn yóò sì máa dùn mọ́ ọn, ọkàn rẹ̀ yóò wọ oko ìyá àgbà, yóò sì kọ "She give me roasted yam and we go to the farm". Ẹni tó bá fi ara balẹ̀ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé àṣìṣe kì í pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ọmọ ti ń ṣọ́ra, bí kò ṣe ní àárín, ibi tí ìtàn ti gbà á lọ́kàn tí ètò Yorùbá sì padà wá darí ọwọ́ rẹ̀. Tíṣà tó ní ogójì ìwé láti yẹ̀ wò kò ráyè fún irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde ní Mọ́dà ló lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni onípò kẹta fún ọdún méjì, tí wọ́n sì padà sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ké "go, went, gone" fún àwọn àbúrò wọn.

Àwọn ọdún 1960 mú ìwé tuntun wá. A. S. Hornby ti gbé ìwé rẹ̀ lórí bátànì gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì jáde ní ọdún 1954, èrò tó sì gbòde ni pé kí ọmọ má ṣe há àpèjúwe sórí mọ́, kí ó máa sọ odindi gbólóhùn lásọtúnsọ, kí ó sì máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ títí tí bátànì yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó mú èyí súnmọ́ ọmọ Yorùbá jù lọ ni Phebean Ògúndípẹ̀, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè tí wọ́n bí ní 1927, tí ó sì kú ní 2020. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé Practical English tí òun àti P. S. Tregidgo jọ kọ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì tún wà lára ti Brighter Grammar, tí ọ̀pọ̀ ilé kò lè ṣe kí ó má ní. Àǹfààní ìwé rẹ̀ ni pé àwọn orúkọ, oúnjẹ àti iṣẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ ti ilé, àti pé iṣẹ́ ṣíṣe inú rẹ̀ pọ̀ ju àpèjúwe lọ. Ní ọdún 1964 ni D. W. Grieve kọ ìròyìn fún WAEC, àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lórí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn èyí tí ìtúpalẹ̀ gbólóhùn dín kù, tí ìbéèrè oníyàn-èyí-tó-tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ àti ètò gbólóhùn sì gba ipò rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ìyípadà yìí tún dá ohun tí alábẹ̀wò ọdún 1887 ń ṣe padà lọ́nà mìíràn: ọmọ lè mú "B" láàárín "go", "went" àti "gone" láìmọ bí a ṣe ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Láàárín àkókò yìí ni àwọn onímọ̀ èdè ń bọ̀ láti ọ̀nà mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, Jean Berko fi hàn ní ọdún 1958 pé ọmọ kékeré tó gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, nítorí pé ṣe ni wọ́n hun ún, lè fi "-ed" sí i fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ tó sọ "goed" ń tẹ̀ lé òfin, kì í ṣe pé ó ń ṣì sọ lásán. S. Pit Corder kọ ọ́ ní 1967 pé àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ fún tíṣà ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ dé. Nílé, Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1966, ìwé Ọládélé Awóbùlúyì sì tẹ̀ lé e ní 1978. Ní 1969 ni Ayọ̀ Bánjọ parí iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tó fi ètò gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá wéra. Ohun tí Crowther ti bẹ̀rẹ̀ ní 1843 wá di ìmọ̀ tó ṣeé fi kọ́ni.

Ibi tí wọ́n ti dán an wò ni ilé-ìwé St Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, nílùú Ilé-Ifẹ̀, níbi tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú, kí ó kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1989 fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ètò yìí ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù lọ, nítorí pé ó gbà pé èdè méjì ni ọmọ ń gbé dání, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tó tọ́ sí i.

Ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́ta ní girama, mẹ́rin ní yunifásítì) tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 gba ipò Mọ́dà, ó sì dá JSS sílẹ̀, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní àwọn ọdún 1980 yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ṣe àkójọ èdè-ìperí Yorùbá, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè, tí ọmọ JSS fi ń gbọ́ nípa ibá ìṣẹ̀lẹ̀ àti àsìkò ní kíláàsì Yorùbá. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ọmọ kan náà lè kọ́ ní agogo mẹ́sàn-án pé "ti" ń fi ibá aṣetán hàn nínú "Mo ti jẹun", kí ó sì kọ́ ní agogo mẹ́wàá pé "have eaten" ń ṣe iṣẹ́ tó fara jọ ọ́, lọ́wọ́ tíṣà méjì tí tábìlì wọn wà nínú yàrá kan náà tí wọn kò sì bá ara wọn sọ ọ́ rí. Èyí ni àléébù tó ṣẹ́ kù, ó sì kéré ju ti ọdún 1887 lọ, nítorí pé ìmọ̀ kò wọ́n mọ́, ìwé kò sì wọ́n.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó sì pa á tì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, pé kí Gẹ̀ẹ́sì máa jẹ́ èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá wà lójú iṣẹ́ nínú méjèèjì, kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní JSS yóò ṣì máa bá ọmọ tó ń ronú ní Yorùbá pàdé. Kí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì àti tíṣà Yorùbá ní ilé-ìwé kan náà jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí wọ́n kọ "Mo ra iṣu lánàá" àti "I bought yam yesterday" sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pátákó, kí wọ́n sì fi ibi tí èdè kọ̀ọ̀kan gbé àná sí han àwọn ọmọ: iṣẹ́ yìí kò nílò àṣẹ mínísítà kankan, a kò sì gbọ́dọ̀ dúró dè é.